Ẹ yé pè mí ní wèrè torí pé mo fẹ́ fi jẹ́ẹ̀tì olówó sílẹ̀

Ọ̀rọ̀ yìí máa gùn. Ẹni tí dátà rẹ̀ bá ti ń tán lọ, kó yáa rà sí i kó tó bẹ̀rẹ̀.

Lọ́jọ́ Sátidé, ẹnì kan gbé e síbí pé awakọ̀ òfuurufú tó bá ń wa jẹ́ẹ̀tì fún olówó, tó wá ń wá iṣẹ́ lọ sí ilé-iṣẹ́ bàálù èrò, orí ẹ̀ ò pé. Ó ní ta ló ń fi ọbẹ̀ ẹlẹ́ran sílẹ̀ lọ jẹ ẹ̀bà funfun. Láìkì tó gbà ò kéré. Ẹlòmíì wá dá a lóhùn pé irọ́ ni, pé àwọn tó ń wa jẹ́ẹ̀tì olówó, dírẹ́bà bìg mán lásán ni wọ́n, pé ẹni tó bá fẹ́ dàgbà nínú iṣẹ́ yìí, kó tètè lọ gba nọ́ńbà sí ilé-iṣẹ́ ńlá bí wọ́n ṣe ń ṣe é l'Amẹ́ríkà. Òun náà gba láìkì tiẹ̀.

Inú BRT ni mo ti ka àwọn méjèèjì, nígbà tí ọkọ̀ dúró gbagidi sí Mile 12, tí ooru sì ń mú wa bí ẹni wà nínú ààrò. Ẹ̀rín kọ́kọ́ pa mí. Lẹ́yìn náà inú bí mi. Torí èmi gan-an ni dírẹ́bà bìg mán tí ẹ ń sọ. Ọdún mẹ́rin rèé tí mo ti ń jókòó lọ́wọ́ ọ̀tún, gẹ́gẹ́ bí igbákejì kápútéènì, nínú jẹ́ẹ̀tì kékeré kan tó jẹ́ ti ọ̀gá kan. Mi ò ní dárúkọ ọ̀gá. Mi ò ní dárúkọ àwọn tó ń bá a mójú tó bàálù náà. Ẹ má wá bi mí nínú DM, mi ò ní sọ.

Mo ń kúrò níbẹ̀. Ilé-iṣẹ́ bàálù èrò ni mò ń lọ. Ṣùgbọ́n ìdí tí mo fi ń lọ ò sí nínú gbogbo ohun tí ẹ̀yin méjèèjì kọ, ìyẹn ló jẹ́ kí n wá jókòó kọ eléyìí ní aago méjì òru.

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ kọjú sí ẹni tó ń sọ ọ̀rọ̀ Amẹ́ríkà.

Òótọ́ lohun tó sọ, tó bá jẹ́ Amẹ́ríkà la wà. Lọ́hùn-ún, ọjọ́ tí ilé-iṣẹ́ ńlá bá gbà ọ́ síṣẹ́ ni wọ́n máa fún ọ ní nọ́ńbà. Nọ́ńbà yẹn ló máa sọ irú bàálù tó o máa wà, ìlú tó o máa fò lọ, ọdún tó o máa di kápútéènì, bóyá ilé lo ti máa jẹ Kérésì àbí òtẹ́ẹ̀lì. Ìlà ni. Bí ìlà báńkì. Tó o bá fi ilé-iṣẹ́ yẹn sílẹ̀ lọ sí òmíì, ẹ̀yìn pátápátá lo tún ti máa tò, bó ti wù kó o mọ iṣẹ́ tó. Òfin wọn sì ni pé ẹni tó bá ti pé ọdún 65 ò gbọdọ̀ wa bàálù èrò fún irú ilé-iṣẹ́ yẹn mọ́. Torí náà, ẹni tó tètè tò ló jèrè. Ní oṣù kẹta ọdún 2023, àwọn awakọ̀ Delta fọwọ́ sí àdéhùn tuntun tó máa fi ìdá 34 nínú ọgọ́rùn-ún kún owó wọn láàárín ọdún mẹ́rin. United àti American náà ṣe tiwọn lọ́dún yẹn. Ẹni tó ń wa jẹ́ẹ̀tì olówó lọ́hùn-ún tó rí irú owó bẹ́ẹ̀, kí ló fẹ́ dúró ṣe? Èmi náà á sáré.

Ẹ wá wo tiwa.

Nigeria Airways, láti ọdún 1958, wọ́n tì í pa ní 2003. Ẹni tó wà níwájú ìlà níbẹ̀ àti ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ tò sẹ́yìn, ọjọ́ kan náà ni wọ́n dé ilé. Àwọn tó ṣiṣẹ́ níbẹ̀ bá ìjọba fa owó ìdágbére wọn títí, ọdún 2018 ni wọ́n wá rí ìdajì rẹ̀ gbà. Ẹ ka ọdún tó wà láàárín yẹn. Àwọn kan ti kú. Virgin Nigeria gbéra ní 2005, ó di Air Nigeria ní 2010, nígbà tó fi máa di 2012 ó ti kógbá sílé. ADC ńkọ́? Sosoliso? Bellview? Chanchangi? Ẹ bi àwọn òbí yín. Arik tí gbogbo wa gbójú lé, AMCON ló lọ gbà á ní 2017 nítorí gbèsè. Air Peace tó ń ṣe dáadáa, tó bẹ̀rẹ̀ sí í fò lọ London ní oṣù kẹta ọdún 2024, tí gbogbo wa ń pàtẹ́wọ́ fún, òun náà dá awakọ̀ tó lé ní 70 sílẹ̀ ní oṣù kẹjọ ọdún 2020 nígbà Kòrónà. Oṣù yẹn náà ni Bristow tó ń fi hẹlikọ́pítà gbé àwọn oníṣẹ́ epo dá awakọ̀ àti ẹ́ńjíníà tó lé ní 100 sílẹ̀. Mi ò bú wọn o. Kò sí èrò, kò sí owó. Ohun tí mò ń sọ ni pé nọ́ńbà dára tí ìlà fúnra rẹ̀ bá máa wà títí dọ̀la. Ìwọ tó ń sọ fún ọmọ Ìkòròdú pé kó lọ gba nọ́ńbà, ọ̀rọ̀ Atlanta lò ń sọ, Ìkẹjà la wà.

Ó yá, ẹni ọlọ́bẹ̀ ẹlẹ́ran, ó kàn ọ́.

Mi ò ní parọ́, ọbẹ̀ náà dùn. Dọ́là wà nínú owó oṣù mi. Mo ti sùn sí òtẹ́ẹ̀lì tí mi ò lè fi owó ara mi san alẹ́ kan níbẹ̀. Ìyá mi ti rí fọ́tò mi ní Dubai, ó ti fi han gbogbo ẹni tó wà ní ṣọ́ọ̀ṣì. Ṣùgbọ́n ìgbà tí náírà já lulẹ̀ lẹ́yìn oṣù kẹfà 2023, ṣé ẹ rò pé olówó ò mọ bí wọ́n ṣe ń ṣírò ni? Ilé ìdánwò tí wọ́n máa ń kó wa lọ nílẹ̀ òkèèrè, dọ́là ni. Páàtì bàálù, dọ́là. Ìnáwó àkọ́kọ́ tí olówó máa gé tí nǹkan bá le, bàálù ni. Ní oṣù kejì ọdún 2025, Kọ́sítọ́ọ̀mù bẹ̀rẹ̀ sí í ti àwọn jẹ́ẹ̀tì àdáni pa nítorí owó ibodè tí wọn ò san. Ọ̀gá tí wọ́n bá ti bàálù rẹ̀ pa, ó lè wọ Air Peace lọ síbi tó ń lọ. Ìwọ awakọ̀ rẹ̀ ńkọ́? Jókòó sílé, máa wo fóònù.

Wákàtí sì ni owó wa nínú iṣẹ́ yìí. Ẹni tí kò bá tíì fò tó wákàtí 1,500 ò lè gba ATPL, ìwé àṣẹ tó ga jù. Lọ́dún tó kọjá, gbogbo wákàtí tí mo fò ò ju 210 lọ. Ẹnì kan tá a jọ jáde ilé-ìwé, tó wà nílé-iṣẹ́ bàálù èrò, ti lé ní 700. Ìyẹn nìkan tó kí èèyàn ronú.

Síbẹ̀, kì í ṣe torí ìyẹn ni mo fi ń lọ. Ká ní ìyẹn nìkan ni, màá ṣì dúró ọdún méjì sí i, kí n parí ilé tí mò ń kọ́ sí Igbógbó.

Ohun tó ṣẹlẹ̀ nìyí. Mi ò tíì sọ ọ́ síta rí.

Oṣù kìn-ín-ní ni, ọyẹ́ mú gan-an. À ń gbé ọ̀gá lọ sí ìlú kan lókè Ọya, ọmọ ọ̀rẹ́ rẹ̀ ló ń ṣègbéyàwó. Ká tó gbéra n'Ìkẹjà la ti gbọ́ pé eruku ti bo ibẹ̀, pé ojú ò ríran kọjá mítà 600. Mítà 800 ni ìwé wa sọ fún pápákọ̀ yẹn. Kò sí àríyànjiyàn ńbẹ̀. Kápútéènì lọ bá ọ̀gá, ó ṣàlàyé. Ọ̀gá ò pariwo o, kò bínú. Ẹ̀rín ló rín. Ó ní, "Kápútéènì, ẹ máa gbé e lọ jàre, tá a bá fi máa débẹ̀ á ti là." Ó wá fi kún un pé, "Tẹ́rù bá ń bà yín, ẹ sọ fún mi, màá wá ẹni tí ẹ̀rù kì í bà." Ó sọ ọ́ bí àwàdà. Gbogbo wa rẹ́rìn-ín.

A débẹ̀, kò là.

Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé fẹ́ni tí kò mọ̀. Tá a bá ń sọ̀kalẹ̀ nínú irú ojú ọjọ́ yẹn, ẹ̀rọ tó wà nílẹ̀ ló ń tọ́ wa sọ́nà. Ṣùgbọ́n tó bá ti ku ẹsẹ̀ bàtà 200 sílẹ̀ tá ò tíì fi ojú ara wa rí iná rọ́nwéè, a gbọ́dọ̀ gbéra padà sókè. Kò sí "bóyá" ńbẹ̀. Tí ẹni tó ń wà á ò bá sì gbéra, iṣẹ́ ẹnìkejì ni láti pè é síta. Ẹnìkejì yẹn lèmi. Ẹ̀rọ fúnra rẹ̀ ti sọ ọ́: "Minimums." Èmi náà yẹ kí n sọ pé "Go around." Ọ̀rọ̀ méjì péré. Ẹnu mi ò là. Mo wo kápútéènì, kápútéènì ò wò mí. Gbogbo iwájú wa pupa rẹ́súrẹ́sú bí ìgbà tí wọ́n bá gbọn àpò ṣìmẹ́ńtì síni lójú. A ṣì ń sọ̀kalẹ̀. Ìgbà tí iná máa yọ, apá òsì ló wà, kò sí níwájú wa. Kápútéènì fi agbára yí i, táyà gbá ilẹ̀, bàálù mì gbogbo ara.

Ọ̀gá pàtẹ́wọ́ lẹ́yìn. Nígbà tó ń bọ́ sílẹ̀, ó na àpòòwé kọ̀ọ̀kan sí àwa méjèèjì.

Mo gbà á. Mo ní, "Ẹ ṣé sà."

Lálẹ́ ọjọ́ yẹn, mo fi nínú owó náà ránṣẹ́ sí ìyá mi ní Ìkòròdú, wọ́n fi tún ẹ̀rọ omi ilé ṣe. Ó ń ṣiṣẹ́ dáadáa títí dòní. Gbogbo ìgbà tí mo bá délé tí mo ṣí omi yẹn wẹ̀, iná tó yọ lápá òsì yẹn ni mo máa ń rí.

Ẹ má wá bá mi bú kápútéènì o. Èèyàn gidi ni. Ẹni ọdún 58 ni, ọmọ mẹ́rin ló ní, méjì wà ní yunifásítì. Ta ló fẹ́ gbà á síṣẹ́ tuntun lọ́jọ́ orí yẹn? Ọ̀gá mọ̀. Kápútéènì mọ̀ pé ọ̀gá mọ̀. Òfin ICAO, Annex 2, sọ pé kápútéènì ló ní ọ̀rọ̀ ìkẹyìn lórí bàálù tó ń wà. Ó wà nínú ìwé dáadáa. Ṣùgbọ́n ẹni tó jókòó sẹ́yìn ló ni bàálù, òun ló ń san owó ilé-ìwé ọmọ rẹ, òun náà ló ń béèrè pé kí ló dé tá ò tíì gbéra. Báwo lo ṣe fẹ́ sọ pé rárá fún irú èèyàn bẹ́ẹ̀? Lẹ́ẹ̀kan, o lè sọ ọ́. Lẹ́ẹ̀kejì ńkọ́?

Lẹ́yìn ìyẹn ni mo lọ sí Ẹ̀pẹ́. Ẹ̀gbọ́n ìyá mi ọkùnrin wà níbẹ̀, wọ́n ti ń wa ọkọ̀ ojú omi lórí ọ̀sà kí wọ́n tó bí mi. Mo wọ ọkọ̀ ní gáréèjì Ìkòròdú, a gba Ìtòìkín, ìdí mi fẹ́rẹ̀ẹ́ já nítorí kòtò. Mo bá wọn ní èbúté, wọ́n ń jẹ ẹja díndín. Mo sọ gbogbo rẹ̀ fún wọn, títí kan àpòòwé.

Wọn ò bá mi wí. Wọ́n kàn ní, "Ọmọ mi, èmi náà ò ni ọkọ̀ tí mò ń wà, o ṣáà mọ̀." Òótọ́ ni. Ọkọ̀ náà ní olówó rẹ̀, wọ́n ń jíṣẹ́ owó fún un lálaalẹ́ ni. Wọ́n wá sọ ìtàn kan fún mi. Wọ́n ní lọ́jọ́ kan, àwọn kan tó ti Èkó wá ṣe ìnáwó fẹ́ háyà ọkọ̀ náà nírọ̀lẹ́. Òjò ti ṣú sójú ọ̀sà, ilẹ̀ ti ń ṣú. Olówó ọkọ̀ pè wọ́n lórí fóònù, ó ní kí wọ́n gbé àwọn èèyàn náà, owó ńlá ni. Wọ́n ní àwọn ò jiyàn. Wọ́n sọ̀kalẹ̀ lọ sídìí ẹ́ńjìnnì, wọ́n yọ púlọ́ọ̀gì kan, wọ́n jù ú sínú àpò. Wọ́n wá fa ẹ́ńjìnnì títí, kò dá wọn lóhùn. "Ẹ má bínú o, ẹ̀rọ ti kọṣẹ́." Àwọn èèyàn náà pòṣé, wọ́n wá mọ́tò lọ. Òjò tó rọ̀ lálẹ́ ọjọ́ yẹn, wọ́n ní Ọlọ́run nìkan ló mọ̀.

Mo rẹ́rìn-ín nígbà tí wọ́n ń sọ ọ́. Ìgbà tí mo ń padà bọ̀ ló wá bẹ̀rẹ̀ sí í dùn mí. Àgbàlagbà tó mọ ọ̀sà bí ẹni mọ yàrá ara rẹ̀, ó ní láti parọ́ kó tó lè ṣe ohun tó tọ́. Kò lè ní, "Mi ò lọ, ewu wà." Àfi kó yọ púlọ́ọ̀gì. Jẹ́ẹ̀tì ò sì ní púlọ́ọ̀gì tí mo lè jù sápò.

Ìbéèrè tí ẹ ò bi ara yín nìyẹn, ẹ̀yin oníláìkì. Kì í ṣe èló ni owó oṣù. Kì í ṣe ta ló ní nọ́ńbà. Níbo lo ti lè sọ pé "a ò fò lónìí", kó o sì tún níṣẹ́ lọ́wọ́ lọ́la?

Ẹ ò rántí ọjọ́ kẹta oṣù kẹwàá ọdún 2013 mọ́? Òkú Gómìnà Olúṣẹ́gun Àgágù ni wọ́n ń gbé láti Èkó lọ sí Àkúrẹ́ fún ìsìnkú. Háyà ni wọ́n háyà bàálù náà, Embraer 120 ti Associated Airlines. Kò tíì rìn jìnnà sí rọ́nwéè tó fi já. Ó lé ní èèyàn mẹ́wàá tó kú, àwọn tó lọ sin òkú. Àjọ tó ń wádìí ìjàm̀bá bàálù sọ ọ́ nínú ìwádìí wọn pé nígbà tí bàálù ń sáré láti gbéra, ohùn ìkìlọ̀ inú rẹ̀ ń dún pé flap ò sí níbi tó yẹ, eré náà sì ń bá a lọ. Mi ò sí nínú kọ́kípíìtì yẹn, mi ò ní bú òkú. Ṣùgbọ́n mo mọ bó ṣe máa ń rí nígbà tí àwọn èèyàn pàtàkì ti jókòó sẹ́yìn, tí wọ́n ti ń retí yín níbi tí ẹ ń lọ, tí aago sì ń lọ. Ara máa ń sọ fún ọ pé kó o ṣáà máa lọ.

Ọjọ́ kẹsàn-án oṣù kejì ọdún 2024 ńkọ́? Herbert Wigwe ti Access, ìyàwó rẹ̀, ọmọ rẹ̀, pẹ̀lú Abímbọ́lá Ògúnbánjọ, hẹlikọ́pítà háyà ni wọ́n wọ̀ ní California, lóru, nínú òjò àti yìnyín. Àwọn mẹ́fà tó wà nínú rẹ̀ ló lọ. Amẹ́ríkà nìyẹn o, tí òfin ti múlẹ̀.

Ohun tó tún burú jù wà nílé wa níbí. Ìwé àṣẹ tí ọ̀pọ̀ jẹ́ẹ̀tì olówó ní, PNCF ni wọ́n ń pè é. Olówó lè fi gbé ara rẹ̀, ẹbí rẹ̀, àwọn òṣìṣẹ́ rẹ̀. Kò gbọdọ̀ fi gbé èrò gba owó. Ṣùgbọ́n ẹ̀yin náà ti rí fídíò olórin àti àwọn ọlọ́jọ́ ìbí tó "háyà jet". Ṣé ẹ bèèrè ìwé rẹ̀ rí? Tí irú bàálù bẹ́ẹ̀ bá já, ilé-iṣẹ́ ìdójútòfò lè ní òun ò san kọ́bọ̀, torí iṣẹ́ tó ń ṣe ò sí nínú àdéhùn. Ní oṣù kẹrin ọdún 2024, NCAA gbẹ́sẹ̀ lé PNCF àwọn ilé-iṣẹ́ kan nítorí ọ̀rọ̀ yìí, mínísítà Keyamo náà gbé ìgbìmọ̀ kalẹ̀ lọ́dún yẹn. Ta ló sì máa ń wa irú háyà òru bẹ́ẹ̀? Ọmọdé bíi tèmi, tí wọ́n ní kó má bi èrò ní ìbéèrè.

Mo mọ ohun tí ẹ fẹ́ sọ. "Dana ńkọ́?" Ẹ ṣé. Ọjọ́ kẹta oṣù kẹfà ọdún 2012, Ìjú-Ìṣàgá, èèyàn 153 ló wà nínú bàálù, kò sí ẹni tó yè é, ó tún pa àwọn tó wà nínú ilé wọn. Bàálù èrò ni, ilé-iṣẹ́ tó ní ìwé ni. Ẹ̀rọ kan ti ń ṣe ségesège kí wọ́n tó dé Èkó, wọn ò sì yà síbì kankan. Torí náà, mi ò sọ pé bàálù èrò kì í pa èèyàn. Òmùgọ̀ nìkan ló máa sọ bẹ́ẹ̀ fún ọmọ Èkó. Mo mọ̀ pé ilé-iṣẹ́ ńlá náà máa ń ti awakọ̀ láti má fi bàálù jókòó. Mo ti gbọ́ ọ lẹ́nu àwọn ọ̀rẹ́ mi.

Ìyàtọ̀ tó wà ńbẹ̀ kéré, ṣùgbọ́n òun ni mò ń wá lọ. Èrò tó wà lẹ́yìn mi ò ní lè lé mi níṣẹ́. Ó lè bú mi, ó lè bú ìyá mi, kò lè lé mi. Tí mo bá sọ pé rárá, ìwé wà tí mo máa kọ ọ́ sí, ẹlòmíì wà ní ọ́fíìsì tí iṣẹ́ rẹ̀ ni láti wo ojú ọjọ́ pẹ̀lú mi, ẹgbẹ́ NAAPE wà tí mo lè ké sí. Bí mo bá dákẹ́ nígbà tó yẹ kí n pe "go around", ẹ̀rọ tó ń ká gbogbo ohun tí bàálù ṣe wà ńbẹ̀, wọ́n lè pè mí wá ṣàlàyé. Nínú jẹ́ẹ̀tì ọ̀gá, àpòòwé ni wọ́n fi pè mí.

Ẹ jẹ́ kí n tún fi tiyín kún un, ẹ má bínú. Nígbà ọyẹ́, tí wọ́n bá ní bàálù ò lọ, ẹ̀yin lẹ máa ń gun orí káńtà ní MM2, tí ẹ máa ń na fóònù sójú ọmọbìnrin ẹni ẹlẹ́ni, "Do you know who I am?" Ẹ máa gbé e síbí, a máa rẹ́rìn-ín. Ẹ̀yin ò jẹ́ nǹkan kan níbẹ̀ ju ọ̀gá mi lọ, àfi pé ẹ pọ̀, ẹ ò sì ní bàálù. Ọmọbìnrin tí ẹ ń bú yẹn, ẹnì kan tó sọ pé rárá ló ń jẹ́ ìyà rẹ̀. Ẹ lọ jókòó.

Nílé, ìyá mi ò tíì gbà. Ó ní, "Ẹni tó ń fún ọ lówó tó o fi ń bọ́ wa, o fẹ́ fi í sílẹ̀? Kí ló ṣe fún ọ?" Mo ní, "Mọ́mì, kò ṣe nǹkan kan fún mi." Ó ní, "Ìgbà tí kò ṣe nǹkan kan ńkọ́?" Mi ò tíì lè sọ ọ̀rọ̀ ẹ̀rọ omi fún un. Bóyá ó máa kà á níbí, torí àbúrò mi wà lórí tẹlifóònù láti àárọ̀ dalẹ́. Mọ́mì, tẹ́ ẹ bá ń gbọ́ ọ, ẹ má tú ẹ̀rọ náà o, ẹ jẹ́ kó máa ṣiṣẹ́.

Àǹtí mi kan ní Ẹ̀pẹ́ tiẹ̀ ní kí n má yọ ara mi lẹ́nu, pé kí n dúró de pápákọ̀ òfuurufú Lẹ́kí-Ẹ̀pẹ́, pé ẹsẹ̀ ni màá máa fi rìn lọ síbi iṣẹ́. Áà. Láti ìgbà tí mo ti wà ní sẹ́kọ́ńdírì ni wọ́n ti ń fi pápákọ̀ yẹn ta ilẹ̀ fún àwọn èèyàn. Bàálù kan ò tíì balẹ̀, ilẹ̀ ti gbówó lórí ní ìlọ́po ìlọ́po. Tí wọ́n bá ń san owó oṣù fún pátákó tí wọ́n kọ "5 minutes to the airport" sí, ìyẹn ni iṣẹ́ tó dáa jù n'Ẹ̀pẹ́.

Ẹ ń bi mí nípa owó. Ó dín. Kò sí dọ́là ńbẹ̀. Ilé-iṣẹ́ tuntun náà máa fi bọ́ǹdù ọdún mẹ́ta dè mí torí owó tí wọ́n máa fi kọ́ mi ní bàálù tuntun. Tí mo bá fẹ́ lọ kó tó pé, màá san án padà. Inú mi ò dùn sí i, mo sì sọ bẹ́ẹ̀ fún wọn kí n tó fọwọ́ sí i. Ilé Igbógbó ti dúró sí ìpele ferese, ibẹ̀ náà ló máa wà fúngbà díẹ̀. Tí mo bá ní bàálù àárọ̀, àfi kí n máa jí ní aago mẹ́ta kí n lè borí gosiloo Mile 12. Ilé-iṣẹ́ náà sì lè kú bí àwọn tí mo kà sílẹ̀ lókè. Mo mọ̀. Tó bá kú, wákàtí mi á ti wà nínú ìwé mi, màá kó o lọ síbòmíì.

Mo ti fi lẹ́tà sílẹ̀ lọ́sẹ̀ tó kọjá. Oṣù kan ni nótíìsì. Ọ̀gá ò tíì pè mí. Kápútéènì ló pè, ó bèèrè bóyá ilé-iṣẹ́ yẹn ń gba ẹni ọdún 58. Mo ní màá bá wọn sọ̀rọ̀. Mo bá wọn sọ̀rọ̀, wọn ò tíì fèsì.

Òkè Ọya la tún ń lọ lọ́jọ́ Ẹtì. NiMet ti kéde pé eruku ń bọ̀. Mo ti sọ fún kápútéènì tààrà pé tí wọ́n bá ní ojú ò ríran tó 800, mi ò ní wọnú bàálù, kí wọ́n lọ wá ẹni tí ẹ̀rù kì í bà. Ó dákẹ́ díẹ̀ lórí fóònù. Lẹ́yìn náà ó ní tí mo bá ń bọ̀ láti Ìkòròdú, kí n bá òun ra búrẹ́dì, kí n má jẹ̀ẹ́ kí ó fọ́.